Sàárà Tí Rùfáì Télọ̀ Ṣe ní Ẹnu Géètì

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi tó gbogbo ayé létí pé Rùfáì Àjàyí, télọ̀ tó ń ránṣọ ní Hillbrow, kì í fi iná àkọ́kọ́ sọdá títì. Bí róbọ́ọ̀tì, ìyẹn iná tó ń darí ọkọ̀ ní Johannesburg, bá ti di àwọ̀ ewé fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀, gbogbo èèyàn á sọdá, òun á dúró, á káwọ́ sẹ́yìn, á máa wò wọ́n lọ bí ìgbà tí gómìnà ń yẹ ọlọ́pàá wò. Ó di ìgbà tí iná bá tún pọ́n, tó sì tún padà di àwọ̀ ewé, kó tó gbẹ́sẹ̀. Ó ní iná àkọ́kọ́, ti àwọn awakọ̀ táásì tí kò tíì gbà pé tiwọn ti tán ni. Ọkọ̀ kankan kò gbá a rí láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí, ó sì dá a lójú pé ọgbọ́n náà ló fà á.

Ọmọ Ìwó ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé gíga kan, ó sì fara ti ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta ìpéǹpéjú àtọwọ́dá. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń tún ṣe jù: ó ń fún èyí tó fẹ̀, ó ń tú èyí tó há, ó ń pààrọ̀ síìpù. Nítorí èyí, ó ní òun kì í bi ọmọ léèrè pé báwo ni ilé-ẹ̀kọ́, aṣọ ọmọ lòun ń bi. Ọmọ lè purọ́, ó ní, ṣùgbọ́n ojú rírán kì í purọ́ fún télọ̀.

Òun àti ìyàwó rẹ̀, Tawakalit, ń gbé ní Mayfair pẹ̀lú ọmọ méjì. Hakeem ni ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Islamiyat ni àbúrò, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ, ní ẹ̀gbẹ́ Braamfontein, ní àdúgbò tí igi jakaránda pọ̀ sí. Bó bá di oṣù October, àwọn igi náà á tú òdòdó elésè-àlùkò sílẹ̀, títì á rí bíi pé ojú ọ̀run ló já lulẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wá gbé e, àwọn èèyàn á sì máa rìn lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí lójú àlá.

Nínú oṣù yìí ni Hakeem wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àpò ẹ̀wù rẹ̀ ń fì, ètè rẹ̀ sì wú.

"Ta ló fa àpò yìí ya?"

"Eish, Daddy, it's nothing. A kàn ń ṣeré ni."

"Eré ló wú ọ létè?"

Hakeem wo ilẹ̀. Ẹ̀wù náà ti sọ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Rùfáì di ẹ̀wù náà sínú ọ̀rá bí ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé lọ sí kóòtù, ó sì gbé e lọ fún Mísìs Mokoena, olùkọ́ tó ń mójú tó ìwà àwọn ọmọ. Obìnrin náà yára. Ó rí àpò, ó rí ètè, ó ránṣẹ́ pe àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kí tíì tó fi síwájú àlejò tó tutù. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, òbí wọn bẹ̀bẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ sunkún, ó sì jọ pé òun ló lágbára jù nínú wọn.

Rùfáì délé bí ẹni tó wọlé ìbò. Ó na ìka sí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ Islamiyat tó wà lórí ìkọ́, tí òwú kan kò yọ lára rẹ̀.

"Wo tàbúrò rẹ, Hakeem. Odidi ọdún! Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

Òótọ́ ló sọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Gbogbo ará ilé gbà pé Islamiyat kò ní wàhálà. Ó ń kúnlẹ̀ kí èèyàn, ó ń fọ abọ́ láìjẹ́ pé wọ́n rán an, kì í pariwo. Lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti ní kí bàbá òun bá òun fún ìbàdí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, inú Rùfáì sì dùn sí i. Ó ní ọmọ òun ti ń mọ aṣọ wọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe tí kò yé wọn ni pé ó fẹ́ lọ sílé.

"Ilé wo?" ni Rùfáì bi í nígbà àkọ́kọ́.

"Ìwó. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà. Kí n máa gbé ibẹ̀, kí n kàwé níbẹ̀."

Ẹ jẹ́ kó yé wa pé Joburg ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, kò sì dé Ìwó rí. Orí fóònù ló ti mọ ọ́n. Ìwó tirẹ̀ ni ihò imú ìyá àgbà tó sún mọ́ kámẹ́rà jù, fèrèsé aláwọ̀ aró kan lẹ́yìn rẹ̀, àti ewúrẹ́ tó máa ń kọjá láìkí ẹnikẹ́ni. Nínú ìyókù tí fóònù kò fi hàn án, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ìlú kan síbẹ̀. Ní ìlú yẹn, títì gùn, oòrùn kì í wọ̀ tán, ẹni tó bá sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ́dọ̀ pe ọmọ tó ń kọjá lórúkọ, kó sì béèrè ibi tó ń lọ. Ó máa ń lálàá rẹ̀ ní ojúmọmọ, kó tẹjú mọ́ fèrèsé, kí oúnjẹ tutù níwájú rẹ̀.

"Àwọn tó wà ní Ìwó ń ta ilẹ̀ kí wọ́n lè wá síbí," ni Rùfáì wí, "ìwọ tóo wà níbí lo fẹ́ lọ ka ewúrẹ́. Parí ìwé rẹ ná." Bó bá tún béèrè, èsì kan náà ni. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́, wọ́n sì gbà pé ó ti gbọ́n.

Nígbà tí ìyá àgbà gbọ́ nípa ètè Hakeem, orí fóònù náà ló ti pàṣẹ: "Rùfáì, ṣe sàárà. Bọ́ àwọn ọmọdé yẹn, kí ojú wọn lè rọ̀ sí àwọn ọmọ wa." Tawakalit bá dín puff-puff, ó kún abọ́ ńlá méjì. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, tọkọtaya gbé e dé ẹnu géètì bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń tú. Rùfáì pín iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń pín in nílé: Hakeem sí ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin, Islamiyat sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin.

Ti Hakeem kò gba wàhálà. "Magwinya!" ni wọ́n ń ké, torí orúkọ tí wọ́n ń pe oúnjẹ tó jọ ọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n bo abọ́ bí oyin. Èyí tó wú Hakeem létè padà wá bù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì fi ọwọ́ olóròóró gbá a léjìká: "Shap, bra. Ìyá ẹ mọ nǹkan í dín!" Hakeem ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà lọ, bí wọ́n bá fẹ́ lù ú, wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún un.

Lábẹ́ igi jakaránda, àwọn ọmọbìnrin dúró ní agbo. Òdòdó ń já bọ́ sí wọn lórí. Islamiyat gbé abọ́ tirẹ̀ lọ bá wọn, ó ń rìn bí ẹni tó ń rìn lórí omi. Bísọ́lá, ọmọ ìyá tó ń ta ìpéǹpéjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Rùfáì, wà láàárín wọn. Ilé Rùfáì ló ti ń jẹun láti kékeré. Kò wo Islamiyat. Ó yí sí Rùfáì lọ́ọ̀ọ́kán, ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀ dáadáa.

"Ẹ ṣeun, sà. A ti yó."

Àwọn yòókù dúpẹ́ bákan náà, ohùn wọn dùn.

"Ẹ wo ẹ̀kọ́ ilé!" ni Rùfáì wí.

Tawakalit kò wí bẹ́ẹ̀. "Bàbá Hakeem, lọ gba abọ́ yẹn lọ́wọ́ ọmọ."

"Kí ló dé? Wọ́n ní àwọn ti yó."

"Ṣáà gbà á. Kí ìwọ fúnra rẹ gbé e fún wọn."

Ó gbà á. Abọ́ kan náà ni, puff-puff kan náà. Ọwọ́ yọ láti gbogbo ìhà. Àwọn tó ti yó ń jẹ, Bísọ́lá sì mú méjì, ó fi àǹkáṣíìfù wé ọ̀kan fún ìyá rẹ̀. Rùfáì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ó rí Islamiyat tó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, tó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń wá ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Nílé, Tawakalit mú ọmọ náà jókòó. "Kí ni wọ́n ń ṣe sí ọ?"

"Wọn kì í ṣe mí ní nǹkan kan."

"Islamiyat."

"Mummy, òun ni mò ń sọ yẹn. Wọn kì í ṣe nǹkan kan rárá." Ọ̀rọ̀ náà wá ń jáde díẹ̀díẹ̀. Bó bá jókòó, gbogbo wọn á rántí pé àwọn ní ibòmíì láti lọ. Wọ́n ṣí ẹgbẹ́ tuntun lórí WhatsApp, wọn kò fi í sí i. Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n so mọ́ra ní méjì-méjì, òun á ṣẹ́ kù. Wọn kì í bú u, wọn kì í tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. Kò mọ ohun tóun ṣe. Bí wọ́n bá jáde fún oúnjẹ ọ̀sán, inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń wà títí agogo á fi lù, èèyàn kò sì lè jẹun níbẹ̀.

Rùfáì lọ mú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ náà lórí ìkọ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán méjèèjì tí òun fúnra rẹ̀ rán sí ìbàdí, tó mọ́ tónítóní. Ó gbé e sílẹ̀.

Ní Monday, ó mú ọmọ náà lọ bá Mísìs Mokoena. Islamiyat jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Obìnrin náà fi ojú àánú wò ó, ó sì tún gbé tíì wá.

"Ta ló lù ú, Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí?"

"Wọn kò lù ú, mà."

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Wọn kì í pè é."

"Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Rùfáì ronú. "Wọn kò gbà, mà. Mo gbé puff-puff wá, wọn kò gbà."

Obìnrin náà ronú pẹ̀lú, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun gbàgbọ́, pé irú rẹ̀ ti ṣe òun náà rí nígbà tóun wà lọ́mọbìnrin. Ṣùgbọ́n tóun bá pe àwọn ọmọ yẹn, kí lòun fẹ́ ní kí wọ́n ṣíwọ́? Òun á máa fojú sí i. Rùfáì dúpẹ́. Tíì náà tutù.

Bàbá àti ọmọ gba orí afárá tó kọjá lórí ojú irin. Atẹ́gùn ń gbá òdòdó jakaránda tẹ̀lé wọn, ìlú dà bí ohun tí wọ́n yà sórí omi, ọkọ̀ ojú irin kan ń lọ nísàlẹ̀ láìdún rárá, tàbí bóyá wọn kò gbọ́ ọ ni.

"Islamiyat, mi ò ní sọ pé rárá mọ́. Tóo bá ṣì fẹ́ lọ Ìwó, wàá lọ."

Ohun tó ti ń tọrọ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Kò fò, kò dúpẹ́. Ó rìn títí afárá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Daddy, ṣé àwọn ọmọbìnrin wà nílé-ẹ̀kọ́ ní Ìwó?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Ìwó rí, èsì wo ni kí Rùfáì fún un?