Ṣẹ́ẹ̀tì Funfun Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Ẹ dúró ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ ó mọ ohun tó ń múnú ọmọ aráyé dùn, ẹ ó sì rí i pé kò tó nǹkan. Tíṣà kan wà tí ìlà ṣòkòtò rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán kó tó lè rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń ki imú bọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, á wá máa mí kanlẹ̀. Ti àbúrò ìyá mi tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀. Ìdọ̀tí ọrùn ẹ̀wù ló ń múnú tirẹ̀ dùn.

Ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ ni mò ń wí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, sítáàṣì sì máa ń yún un lára. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo aṣọ lọ. Ní Sátidé, àǹtí mi á fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, á fi í kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ á wọ̀ ọ́ ní Sọ́ńdè. Tó bá fẹ́ bọ́ ọ, bọ́tìnì méjì òkè nìkan ló máa tú, á wá fà á gba orí yọ. Ogún ọdún gbáko ni àǹtí mi fi bá a jà lórí bọ́tìnì wọ̀nyẹn. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin náà sùn lọ́sàn-án, kò sì jí mọ́.

Àǹtí mi kò yéé fi ṣẹ́ẹ̀tì náà kọ́ ìṣó ní gbogbo Sátidé. Mi ò bá a wí, ọ̀fọ̀ ò ṣeé kọ́ ènìyàn. Àfi Mọ́ńdè kan tí mo wọlé, tí mo bá a nídìí báàfù tó ń kọrin.

"Sìsí, wá wo kọ́là yìí."

Kọ́là náà ti pọ́n fún òógùn. Bọ́tìnì méjì òkè wà ní títú, gbogbo ìyókù wà ní pípa dé. Mo ti fọ aṣọ fún ọdún mọ́kànlá, mo mọ òógùn ọkùnrin tí mo bá rí i. Bẹ́ẹ̀, àǹtí mi nìkan ló ń gbé yàrá yẹn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló wọ̀ ọ́?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Ta ló ni ín?" Ó ń fi ọṣẹ pa kọ́là náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Bó ṣe di ti gbogbo Mọ́ńdè nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àǹtí mi ń jẹun, ara rẹ̀ ń dán, ó ń bá àwọn oníbàárà ṣẹ̀fẹ̀. Kí ni kí n wá wí?

Ìgbà tó yá, ibà dá a dùbúlẹ̀, èmi ni mo sì ṣe iṣẹ́ Sátidé ọ̀hún. Sítáàṣì ti mọ́ mi lọ́wọ́ jù. Kí n tó ronú, mo ti ri ṣẹ́ẹ̀tì náà bọ̀ ọ́ pẹ̀lú ti àwọn oníbàárà, ó sì gan bíi páálí nígbà tí mo fi í kọ́ ìṣó. Ní Mọ́ńdè, kọ́là funfun báláú. Mọ́ńdè kejì, bákan náà.

Ibà lọ, orin ò padà. Oúnjẹ ń tutù níwájú àǹtí mi.

"Ó ń bínú sí mi," ló ń wí. "Kí ni mo ṣe fún un?"

Mi ò lẹ́nu láti jẹ́wọ́. Mo yọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà fọ̀, mo ṣàn án lẹ́ẹ̀méje títí omi fi mọ́ gaara. Síbẹ̀, Mọ́ńdè dé, kọ́là mọ́.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, àǹtí mi lọ kí ìyá mi, bó ti máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo mú ọkàn le, mo wọ yàrá náà, mo sì gbé ṣẹ́ẹ̀tì òkú wọ̀. Ó fún mi pinpin, èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Sìsí Ńlá. Mo gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo fò sókè sódò títí mo fi làágùn. Mo tú bọ́tìnì méjì, mo fà á gba orí yọ, ó kù díẹ̀ kó fún mi lọ́rùn pa, mo sì fi í kọ́ ìṣó padà. Lọ́jọ́ kejì, àǹtí mi kọrin, ó sì jẹun. Inú mi dùn débi pé mo lọ sunkún lẹ́yìnkùlé.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ṣe é. Ní ìkẹfà, mo fẹsẹ̀ rọ́, mi ò lè kúrò nílé ní Sọ́ńdè. Ní Mọ́ńdè, mo tiro dé ṣọ́ọ̀bù, mo ti pinnu pé màá sọ gbogbo rẹ̀. Mi ò tíì kan ilẹ̀kùn tí mo gbọ́ orin. Àǹtí mi wà nídìí báàfù. Kọ́là ti pọ́n. Bọ́tìnì méjì òkè wà ní títú.

"Àǹtí," mo fara ti ilẹ̀kùn, "ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan."

"Mo ti gbọ́ ọ." Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ó ní o ṣeun tí o ṣan sítáàṣì yẹn kúrò. Àmọ́ ó ní kí o yéé wọ ẹ̀wù òun, o ti fẹ́ fà á ya léjìká."