Oyè Bàbá Ò Gba Inú Sípíkà

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ orúkọ náà. Mo ń tún fóònù àti rédíò ṣe ní Kàbbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, sì ni oníbàárà mi tó máa ń ṣàròyé jù. Lọ́jọ́ kan ó gbé fóònù tuntun rẹ̀ wá. Ó ní bí òun bá tan bulutúùtù, orúkọ àwọn tó ṣe fóònù ló ń yọ, bẹ́ẹ̀ àwọn kọ́ ló bí òun. Kí n fi orúkọ òun sí i.

Mo tẹ "Bàbá." Ó wò mí bí ẹni tí mo fi ọwọ́ òsì na omi sí.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í pe àgbà ká fo ọ̀kan nínú ohun tó fi òógùn gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mo ń tẹ̀ ẹ́: Olóyè, Alàgbà Ìjọ, Ọ̀gá Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Alága Àná Fún Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀, Bàbá Ìyàwó Gbogbo Àdúgbò. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé kí n fi Àna Àwọn Ará Ẹ̀júkù kún un. Ó ní, "Tò, fi í sí i."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni sípíkà gbọ̀ngàn àdúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Sípíkà tí kò ní wáyà ni. Èmi ni mo bá wọn rà á, nítorí àwọn àgbà tí etí wọn ti wúwo, Bàbá sì ni olórí wọn. Fóònù rẹ̀ ló fi máa ń gbé orin ìyìn sí i kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà fóònù àti sípíkà ti mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí Bàbá bá ti wọlé, sípíkà á kú. Bí ó bá jáde, á jí.

Nígbà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, alága ìpàdé, tí òun àti Bàbá jọ lọ sílé ìwé, dìde, ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí." Kò parí òwe náà, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ìyókù. Bàbá mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Sípíkà jí.

Láti ọjọ́ kejì, àwọn tó máa ń kí i ní "Okun o, Bàbá" bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà míràn. Inú bí mi. Ẹni tó kọ́ ìdajì ìlú ní ìṣirò ni wọ́n ń pè ní oṣó! Bàbá ní òun kò fẹ́ nǹkan kan ju pé kí alága bẹ òun lójú gbogbo ènìyàn.

Mo gbé sípíkà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ mẹ́ta, kò dákú rárá. Ní ọjọ́ kẹrin Bàbá yà kí mi, kó tó jókòó, sípíkà ti kú. Mo wo kọ̀ǹpútà, mo rí "Alàgbà Ìjọ" níbi tó yẹ kí àṣẹ wà. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di tábìlì mú.

Ẹni tó kọ sọ́fúwíà tó ń darí sípíkà náà fi àyè kékeré sílẹ̀ fún orúkọ fóònù, kò sì sọ fún sípíkà pé kó dúró bí àyè bá kún. Ó wá dà bí ẹni tó ń bu gàrí sínú agolo láìwo ẹnu rẹ̀. Oyè Bàbá kún àyè náà, ìyókù dà sórí ibi tí sípíkà ń kọ ohun tó kàn láti ṣe sí. Ó fẹ́ tẹ̀ lé "Alàgbà Ìjọ" bí àṣẹ, ó dákú.

Bàbá ní, "Nítorí náà, bí mo bá tan bulutúùtù, á dákẹ́. Bí mo bá pa á, á sọ̀rọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yẹ kí ẹ̀rín yẹn bà mí lẹ́rù.

Mo lọ fi ohun tí mo rí han alága nílé. Kò sọ ju "Mo ti gbọ́" lọ. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe sípíkà. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ẹni ibi lè kó àṣẹ síbi tí Bàbá kó oyè sí, kó sì máa darí sípíkà láti ìta, wọ́n wá fi sọ́fúwíà tuntun ránṣẹ́. Ó yẹ kí n fi í sí i lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Bàbá bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní ìpàdé kan péré, kí òun fi pa alága lẹ́nu mọ́. Kí n má parọ́, èmi náà fẹ́ wò ó.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo jókòó ti Bàbá lẹ́yìn. Alága dìde. Ọwọ́ Bàbá wọ àpò, sípíkà kú. Alága kò dúró, ó ń fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀. Ó ṣí fìlà, ó kọjú sọ́dọ̀ wa, ó tẹrí ba. Àwọn tó wà níwájú pàtẹ́wọ́. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Kí ló ń sọ?" ó bi mí.

"Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ yín, Bàbá."

Ọwọ́ rẹ̀ sáré padà sínú àpò. Ṣùgbọ́n sípíkà náà kì í yára jí. Nígbà tí ohùn alága fi máa jáde, ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ẹ jẹ́ ká lọ sórí ọ̀rọ̀ kànga."

Bàbá na fóònù sí mi, ó ní kí n pa gbogbo oyè tó wà níbẹ̀ rẹ́. Mo béèrè ohun tí mo máa fi rọ́pò rẹ̀.

"Èyí tí o kọ́kọ́ tẹ̀," ó ní.