Ìbákà Jàfárù àti Àpò Ara Igi Ìra

Bíríkìlà ni Jàfárù ọkọ mi, ọmọ Ìṣẹ́yìn. Igando là ń gbé. Ìbákà kan wà nínú kéèjì tó ń kọrin fún un láràárọ̀, òun náà máa ń tètè jí bọ́ ọ, ó sì máa ń sọ fún gbogbo ayé pé irú ẹ̀ ti ń tán. Mo ní, "Bàbá Fàthíà, témi náà bá ń kọrin, ṣé wàá máa tètè jí torí oúnjẹ mi?" Ẹ̀rín ló ń rín.

Ìyá ẹ̀ ló ń ran òwú sányán nílé. Lọ́dún 2008, màmá bẹ̀ ẹ́ kó bá òun wá àpò kòkòrò tí wọ́n ń ran òwú ọ̀hún lára ẹ̀, torí ó ti wọ́n lọ́hùn-ún. Wọ́n fẹ́ fi hun aṣọ fún Fàthíà ọmọ wa kí ojú wọn tó fọ́ tán. Jàfárù ṣèlérí. Kò rí àpò ọ̀hún rí o! Òwú ló mọ̀. Obìnrin ló ń se àpò náà kó tó di òwú.

Lóṣù tí màmá bẹ̀ ẹ́ yẹn, kòkòrò onírun bo igi ìra ẹ̀yìnkùlé wa, ara ń yún àwọn ọmọ. Nígbà tó yá, wọ́n kóra wọn sínú àpò kan lórí ẹ̀ka. Jàfárù ní irun wọn á pa ìbákà òun. Ló bá da kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná sí i.

Èéfín ló gbé Olúfúnmiláyọ̀ jáde, ọmọ láńlọ́ọ̀dù wa, tó ń kọ́ nípa kòkòrò ní yunifásítì.

"Bàbá Fàthíà, kí lẹ jó?"

"Kòkòrò ni jàre. Ẹyẹ mi ni mò ń ṣọ́, irú ẹ̀ ti ń tán láyé."

"Ìbákà kẹ̀? Wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀, ó pọ̀ káàkiri, kò sí nínú ewu. Èyí tẹ́ ẹ jó yìí lẹ́nì kan ò tíì yẹ̀ wò. Ó lè ti fẹ́ẹ̀ tán, a ò mọ̀."

Èmi náà ò kúkú gbẹ́nu dákẹ́. "Ṣebí tó bá dàgbà á fò? Ẹyẹ náà nìyẹn."

"Rárá, mà. Ẹyẹ légungun, ó ní ìyẹ́ lára, bí adìẹ. Èyí ò légungun, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní. Ẹbí labalábá ni, àwọn àfòpiná. Àpò yẹn ni wọ́n fi ń ṣe sányán."

Jàfárù jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ó pe ìyá ẹ̀. "Ìyá, mo rí àpò yẹn."

Màmá pariwo, "Jàfárù! Ọlọ́run á gbè ọ́!"

Jàfárù na fóònù sí mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti jóná."

Wọ́n ní, "Ta ló jó o?"

Mo wojú ọkọ mi. Ó dorí kodò.

"Ọmọ yín ni, mà."