Agolo Tó Wú

Ní ti ìyá ọkọ mi, oúnjẹ kì í ka kàlẹ́ńdà. Láti ìgbà tí wọ́n ti Ìbàdàn dé, láàárín àwọn ọdún 1980, láti wá bá wa tọ́jú ọmọ nínú fúláàtì wa ní Fondren Southwest, ní Houston nílẹ̀ òyìnbó, kò sí ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Bí mo bá da mílíìkì tó ti kan nù, wọ́n á ní mo ń da oore Ọlọ́run nù. Bí mo bá ju búrẹ́dì tó ti bu sọnù, wọ́n á mú un, wọ́n á ha ibi tó bu kúrò, wọ́n á fi ìyókù mu tíì níṣojú mi. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi tán. Nílé lọ́hùn-ún, àgbàlagbà ń to ìlà nítorí mílíìkì àti ṣúgà nígbà yẹn. Ẹni tó bá ti to irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí, inú rẹ̀ ò lè dùn bó bá rí i tí wọ́n ń da mílíìkì sínú síńkì.

Sùpámákẹ́ẹ̀tì kan ni èmi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, bí mo ṣe ń lọ sí yunifásítì. Èmi ni mo ń to agolo sórí pẹpẹ. Ọ̀gá wa ti là á yé wa pé agolo tó kàn tẹ̀ díẹ̀ níkùn, tí etí rẹ̀ àti ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ kò bàjẹ́, kò léwu. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá lè ṣì dára, ó kàn lè má dùn bíi ti tẹ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó bá wú, a ò gbọ́dọ̀ ṣí i, a ò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lè má rùn rárá, kó sì pa èèyàn. Mo sọ gbogbo èyí fún Màmá. Wọ́n ní ṣé òyìnbó ló máa wá kọ́ àwọn ní oúnjẹ.

Wàhálà gan-an dé lẹ́yìn ìkórè. Nínú ìjọ Aládùúrà tí à ń lọ, ta ló fẹ́ rí iṣu àti àgbàdo tó pọ̀ kó wá síwájú Ọlọ́run ní Houston? Agolo ni gbogbo wa ń kó lọ. Wòlíì á gbàdúrà sí i, wọ́n á sì lù ú ní gbàǹjo. Màmá ló ja páálí kan gbà mọ́ àwọn obìnrin ìjọ lọ́wọ́, inú wọn sì dùn bí ẹni pé wọ́n kọ́lé. Nígbà tí mo yẹ páálí náà wò nílé, àwọn kan ti dípẹtà. Ó dájú pé ẹnì kan ló kó ohun tó ti pẹ́ nínú gáréèjì rẹ̀ wá fún Ọlọ́run. Mo ní kí n ṣà wọ́n dànù. Màmá gba páálí náà lọ́wọ́ mi, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.

"Ohun tí a bá ti gbàdúrà sí, a kì í dà á nù."

Ọkọ mi ní kí n fi ìyá òun sílẹ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Ní Sátidé kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án. Òórùn ọbẹ̀ ẹja ti gba ilé kan. Ọmọ mi, ọmọdé tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, jókòó nídìí tábìlì, àwo ìrẹsì wà níwájú rẹ̀, síbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ ju nǹkan sínú garawa ìdọ̀tí, ni mo bá rí agolo ẹja kan níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí a bá gbé e kalẹ̀, kò lè dúró.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ìdí tábìlì. Mo gbá àwo náà, ó fọ́ sílẹ̀. Ọmọ figbe ta. Mo ya ẹnu rẹ̀, mo ń fi ìka wá inú rẹ̀.

"Did you eat it? Ṣé o ti jẹ níbẹ̀?"

"No, Mummy. Grandma said wait. She just said I can eat now."

Màmá yọ láti kíṣìnì. "Ìyàwó, ṣé orí ẹ pé ṣá? Oúnjẹ tí mo sè lo dà sílẹ̀ yẹn?"

"Màmá, agolo tó wú lẹ ṣí fún ọmọ!"

"Mo mọ̀ pé ó wú. Ṣé mo fọ́jú ni? Ìgbà tí mo ṣí i, omi rẹ̀ ta sí mi lójú."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá bù ú fún un?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Láti àárọ̀ ni mo ti jẹ ẹ́. Mo jókòó, mo ń wo ara mi. Inú ò run mí, mi ò bì. Ìgbà tí mo rí i pé kò ṣe mí ní nǹkan kan ni mo tó sè é fún ọmọ."

Ìgbà náà ló yé mi. Ní abúlé wọn, bí wọ́n bá já olú tí kò dá wọn lójú bọ̀ láti oko nígbà òjò, ìyá tó dàgbà jù nínú agboolé ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ á jókòó tì í, wọn á máa wò ó. Bí ara ìyá bá le, gbogbo ilé á jẹ. Ìyá ọkọ mi fi ọgbọ́n olú díwọ̀n agolo òyìnbó.

Mo pe ọsibítù. Obìnrin tó gbé tẹlifóònù sọ pé májèlé inú irú agolo yìí kì í yára. Ó lè di ọ̀la, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hàn, ojú ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ mú, ohun kan á máa di méjì lójú ẹni. Ó ní kí n gbé wọn wá kíákíá, kí n mú agolo náà dání. Gbogbo ìdúró tí Màmá dúró láti àárọ̀, asán ni.

Wọ́n ní àwọn ò lọ ibì kankan, pé ara àwọn dá ṣáṣá. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín dé bá òkú nílé." Kò yẹ kí n sọ irú rẹ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí wọ́n wọ bàtà.

Lórí ọ̀nà márosẹ̀, bí mo bá wo iwájú lẹ́ẹ̀kan, mo ń wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, ìka mélòó nìyí?"

"Fi ọwọ́ méjèèjì di ọkọ̀ mú."

"Ẹ máa kọrin, kí n máa gbọ́ ohùn yín."

Wọ́n kọ orin ìjọ, ohùn wọn ń dún ketekete. Nígbà tó ṣe, wọ́n dákẹ́. Mo lọgun, "Màmá!" ọmọ sì bú sẹ́kún lẹ́yìn.

"Àdúrà ni mò ń gbà," ni wọ́n wí. "Ṣé èèyàn ò lè gbàdúrà mọ́ ni?"

Àwọn dókítà dá wọn dúró. Gbogbo ìbéèrè ni wọ́n ń gba ẹnu mi bi wọ́n, èsì kan náà ni Màmá ń fún wọn: kò sí ohun tó ń ṣe àwọn. Ọkọ mi dé, ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ kejì, ó mú ọmọ lọ sílé láti wẹ̀ fún un. Èmi nìkan ló kù nínú yàrá. Màmá lajú, wọ́n wò mí títí, wọ́n sì wo ẹ̀gbẹ́ mi.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, "ta lẹni kejì tó dúró tì ọ́ yẹn?"

Mo sáré jáde pe dókítà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìpéǹpéjú wọn kò gbé sókè mọ́, itọ́ ò gba ọ̀fun wọn lọ. Wọ́n fún wọn lóògùn, wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń báni mí sí wọn lẹ́nu, ó sì pẹ́ gan-an lẹ́nu wọn. Dókítà wo ọmọ mi, ó ní ká dúpẹ́ pé ọmọ náà kò jẹ ẹ́, nítorí ara kékeré bẹ́ẹ̀ ìbá má lè gbà á. Inú ń bí mi sí ìyá ọkọ mi gan-an. Mo sì fẹ́ràn wọn lọ́nà tí mi ò fẹ́ràn wọn rí.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, wọ́n padà wálé. Ọrùn wọn ò tíì lágbára, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ní ọjọ́ kan, mo fẹ́ fún ọmọ ní ẹja. Agolo tuntun ni, èmi ni mo mú un lórí pẹpẹ fúnra mi, kò tẹ̀, kò wú, ọjọ́ rẹ̀ ṣì jìnnà. Màmá na ọwọ́ sí síbí láti orí àga wọn.

"Màmá, kò sí ohun tó ṣe é," ni mo wí. "Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi."

Mo ti gbé síbí dé ẹnu. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Bí nǹkan bá ṣe ọ́, ta ló máa tọ́ ọmọ?"

Wọ́n gba síbí náà lọ́wọ́ mi. Omi ẹja ń dà sí wọn láyà, nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Mo wo ọ̀fun wọn títí tí ẹja náà fi lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà mo jókòó tì wọ́n, à ń dúró.