Ẹ̀wà Inú Òwú

Ọjọ́ Sátidé tí mo kó gọ́tà tán tí mo sì pàdánù ẹ̀wà mi ni n kò lè gbàgbé. Mo wà ní JS2 nígbà náà, ní Ìlódè. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ojúṣe ará ìlú ní kí a kó gọ́tà àdúgbò wa. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní kí a mú kí ẹ̀wà hù nínú òwú tútù, kí a gbé e wá ní Mọ́ńdè.

Mo kó ẹrẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Bí mo ṣe délé, mo sùn lọ fọnfọn. Nígbà tí mo jí, agolo mílíìkì tí mo gbin ẹ̀wà mi sí, pẹ̀lú òwú tútù, ti ṣófo.

"Màmá, ẹ̀wà mi dà?"

Ìyá mi àgbà, tí wọ́n ti ń dáko láti kékeré, ní, "Mo ti bá ọ gbìn ín sẹ́yìnkùlé. Ta ló ń gbin ẹ̀wà sínú òwú?"

Mo sáré lọ síbẹ̀ kí n lè hú u.

"Fọwọ́ kàn án, kí o rí i!" Màmá pariwo mọ́ mi.

Ó rẹ̀ mí débi pé n kò lè sunkún.

Kó tó di Mọ́ńdè, àwọn ará àdúgbò ti da pàǹtí kún gọ́tà padà. Iṣẹ́ méjì ni mo ṣe, òdo méjì ni mo gbà. Nígbà tí ẹ̀wà náà so, Màmá sè é, wọ́n bu tèmi wá. Mo jẹ ẹ́ tán.