Kọ̀nténà tí òjò ò lè wọ ló ba iṣu mi jẹ́

Mi ò tíì lè jẹun láti àárọ̀. Òórùn iṣu jíjẹrà ṣì wà nímú mi.

Lọ́dún tó kọjá, ìjì gbé òrùlé àká iṣu wa lọ ní Ìrèsì. Mo bá lọ bá wẹ́dà kan ní Ìlá, mo ní kó ṣe kọ̀nténà onírin fún mi, èyí tí ìjì ò ní lè gbé. Bàámi bi mí pé, "Fèrèsé rẹ̀ dà?"

Mo ní, "Bàámi, òjò là ń sá fún, ẹ tún ń wá fèrèsé."

Lónìí tí mo ṣí ilẹ̀kùn, ooru gbá mi lójú. Gbogbo iṣu tí mo tò síbẹ̀ ti rọ̀, omi dúdú ń ṣàn lára wọn, ìdin ń rìn káàkiri. Mo tẹ ọ̀kan, ó fọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo bì.

Mo pe wẹ́dà.

"Ṣé omi wọ ibẹ̀ ni?"

Mo ní rárá.

"Ṣé ìjì gbé e ni?"

Mo ní rárá.

"Iṣẹ́ mi dáa nìyẹn."

Ohun tó ń rí mi lára jù ni pé kò parọ́.

Igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ni Bàámi fi tún àká tiwọn ṣe, iṣu wọn ṣì le koko. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Wọ inú kọ̀nténà rẹ, ti ilẹ̀kùn mọ́ra, kí o wá sọ bó ṣe rí fún mi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ̀nténà onírin, kí lẹ kó sínú tiyín? Ẹ lọ ṣí i wò ná kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn.