Ó Ní Kó Fò, àbí Ó Ní Kó Fọ̀?

Kọ̀ǹ, kọ̀ǹ, kọ̀ǹ! Òòlù bàbá arúgbó tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ló ń jí adìyẹ ní Pobẹ̀ nígbà èwe mi. Òórùn ọ̀dà á ti gba àgbàlá kan kí iná ẹ̀kọ màmá mi tó ràn. Agolo mílíìkì àti agolo tòmátì ni bàbá yìí ń gé, tó fi ń ṣe ọkọ̀ òfúrufú tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí: ọkọ̀ ojú omi tó hu ìyẹ́, ilé alájà tó ní ìrù ẹja. Nínú ìwé ìtàn àròsọ táwọn ọmọ iléèwé ń kà sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ló ti ń gbọ́ nípa wọn. Kò mọ̀wé. Èmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, òun ló jẹ́ ká rẹ́.

"Bàbá, ta ní í wọ èyí?"

"Ẹni tí ọ̀kadà ti sú."

Kò séyín kankan lẹ́nu rẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó nawọ́ sí ọkọ̀ tó tóbi jù, ó ní: "Bí mo bá lọ, ẹ jẹ́ kó fò." Àbí "kó fọ̀" ló wí? Àwa Ànàgó, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, ó ń fọ̀ ni. Lẹ́nu tí kò léyín, ìbejì ni fò àti fọ̀. Kí n tó béèrè, oorun gbé e, kò sì jí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ obìnrin pè mí síwájú ẹbí.

"Ìwọ lo wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bàbá mi ni. Kí ló wí?"

"Ẹ̀gbọ́n, bóyá fò, bóyá fọ̀."

"Agolo wo ló ń fọ̀?"

"Agolo wo ló ń fò?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó gun orí òrùlé, ó ti ọkọ̀ náà sínú afẹ́fẹ́. Gbàgà! Àárín ebè ẹ̀gẹ́ ló balẹ̀ sí, apá kan ti kán. A tún rẹ́rìn-ín, títí tó fi sọ̀ kalẹ̀, tó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú apá yẹn nítan, tó ní: "Àbí mo ti ṣì í ṣe?" Ó gbé ìyókù fún mi: "Ìwọ lo gbọ́ ọ. Máa gbé e lọ."

Ọkọ̀ náà ń fì lókè ìsọ̀ mi ní Ṣakẹ́tẹ́ báyìí, níbi tí mo ti ń ta ike. Bí ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Onígbólò bá sáré kọjá, atẹ́gùn á wọnú rẹ̀, á ké húùù.

"Ìyá oníke, kí nìyẹn ń wí?"

"Ẹ kọ́kọ́ ra ike ná."

Àwọn oníbàárà á lọ tán, èmi á dẹtí. Ó ń fọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ mi ò gbọ́ ohun tó ń wí: òun náà kò léyín.